Orúnkún Kan Lórí Ìlà

Ní ilé wa ní Odò-Ọjà, ní Ìkẹ́rẹ́, àkùkọ kì í jí ẹnikẹ́ni. Ọ̀lẹ ni àkùkọ wa, ó máa ń dúró kí Yèyé kọ́kọ́ jí kó tó la ẹnu. Yèyé ni ìyá tó bí bàbá mi. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, á jókòó sórí àpótí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á da aṣọ bora, á sì máa fi oríkì pè wá bí a ti ń jáde síta lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń wo ewúrẹ́ tó ń jáde nínú ọgbà. Bó bá ti pè ọ́, ibi tí ohùn rẹ̀ bá ọ ni wàá ti kúnlẹ̀. Kò sí pé mo gbé nǹkan dání, kò sí pé ilẹ̀ tutù. Orúnkún méjèèjì ni wàá fi kúnlẹ̀, wàá ní "Yèyé mi," wàá sì wà níbẹ̀ títí yóò fi kì ọ́ tán, títí yóò fi sọ pé, "Dìde." Ọ̀rọ̀ dìde yẹn ni kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí ọ sílẹ̀. Bó bá gbàgbé láti sọ ọ́ nítorí pé aládùúgbò kan yà láti kí i, ilẹ̀ ni wàá wà tí èèrà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọ́ léèrè ohun tí o wá ṣe. Ìyá mi, tó jẹ́ pé ìyàwó ló ṣe wọ ilé náà, máa ń kúnlẹ̀ pẹ̀lú wa, á sì máa kùn sínú pé, "Kí wọ́n tètè kì mí tán o, ẹ̀kọ mi ń jó lórí iná." Yèyé á gbọ́, á sì tún fi ẹsẹ méjì kún oríkì tirẹ̀.

Ẹ má rò pé mò ń ṣàròyé. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ọjà ló kọ́ mi ní èyí tó kù, ẹja gbígbẹ sì ni mò ń tà títí di òní. Ọmọ tí wọ́n bá ti fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ jí láàárọ̀, ẹnu oníbàárà wo ló tún fẹ́ dẹ́rù bà á? Yèyé máa ń sọ pé ẹni tí kò bá mọ orúkọ tí wọ́n fi ń rọ̀ ọ́ nílé, bí wọ́n bá pè é ní ajá níta, á jẹ́ wọn lóhùn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọdún kan wà tí oríkì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé ẹ̀gbọ́n mi jẹ́, ọdún yẹn ni mo sì fẹ́ sọ.

Ìpínlẹ̀ wa ṣì jẹ́ ọmọ tuntun nígbà náà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ya Èkìtì kúrò lára Oǹdó ni, gbogbo ibi tí èèyàn bá yà sí ló ń rùn fún ọ̀dà. Wọ́n á fi ọ̀dà funfun pa Oǹdó rẹ́ lára pátákó, wọ́n á kọ Èkìtì lé e lórí. Tí oòrùn bá wá ràn dáadáa, Oǹdó á tún máa yọjú lábẹ́ ọ̀dà bí ìyàwó àgbà tí wọ́n ní kó kó ẹrù rẹ̀ tó ṣì ń wo ìta láti ojú fèrèsé. Àwọn àgbà a máa jókòó sábẹ́ igi lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, wọn a máa pín ipò fún ara wọn nínú ìjọba tí ẹnikẹ́ni kò bá wọn sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ìpínlẹ̀ tuntun sì nílò ohun gbogbo: ọ́fíìsì, àga, àsíá, àti ọmọ tí yóò máa sáré fún un nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ yòókù bá kó tiwọn jáde. Bí ọ̀rọ̀ ṣe kan Fọlákẹ́ nìyẹn.

Fọlákẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, èmi ni mo tẹ̀ lé e. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn débi pé ìyá mi máa ń sọ pé aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń sá kúrò ní orúnkún rẹ̀. Bí a bá ń bọ̀ láti oko lójú ọ̀nà Ìṣẹ̀, tí ẹrù iṣu wà lórí gbogbo wa, Fọlákẹ́ á ti dé ilé, á ti gbé iṣu kaná, á sì ti máa gún iyán kí àwa tó dé ibi afárá. Adìẹ ilé wa mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ó ń bọ̀, wọn kì í dúró kí wọ́n ṣẹ́wọ́ sí wọn kí wọ́n tó yà. Bàámi, tó jẹ́ àgbẹ̀ kòkó, tí kì í sì í yin ọmọ lójú ọmọ, sọ lọ́jọ́ kan pé bí Fọlákẹ́ bá jalè, ohun tó jí á jẹ́ tirẹ̀ láéláé nítorí kò sí ẹni tí yóò bá a. Nínú ilé wa, ìyìn ńlá nìyẹn. Síbẹ̀, Bàámi kò rí ohun tí eré sísá fẹ́ dà lọ́wọ́ obìnrin. Ó ti bá ìyá aránṣọ kan sọ̀rọ̀ ní Àkúrẹ́ pé Fọlákẹ́ ń bọ̀ wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, kó máa gbé níbẹ̀. Fọlákẹ́ kórìíra abẹ́rẹ́ bí ológbò ṣe kórìíra omi. Tó bá rán bọ́tìnnì kan, ìka rẹ̀ á ṣẹ̀jẹ̀, bọ́tìnnì náà á sì tún já.

Ìdíje àwọn ilé ìwé Ìkẹ́rẹ́ ni ó yẹ kó gbà á sílẹ̀. Ẹni tó bá gba ipò níbẹ̀ ló ń lọ sí Adó, níbi tí wọ́n ti máa ṣa àwọn tí yóò sáré fún Èkìtì. Gbogbo ilé wa ló lọ wò ó. Yèyé náà lọ, ó wọ bùbá àrán rẹ̀, a gbé àpótí rẹ̀ lọ, a sì fi í sí ìdí okùn tí wọ́n ta sí òpin, níbi tó ti lè rí ojú ọmọ rẹ̀ dáadáa. Àwa la fi í síbẹ̀. A rò pé oore là ń ṣe. Wọ́n yìn ìbọn, Fọlákẹ́ sì jáde bí omi tó já nínú ìkòkò. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mò ń wo ìyá mi, mo rí i pé ó ti gbé ọwọ́ sókè láti jó. Yèyé kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó dìde lórí àpótí, ó sì fi ohùn tó fi ń jí àkùkọ kígbe: "Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró ọmọ olókè, òkè tí òjò rọ̀ rọ̀ rọ̀ tí kò lè wọ́ lọ."

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀.

Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ará Èkó, wọ́n ní irọ́ ni. Àwọn ará Èkó kò mọ ohun tí ẹ̀kọ́ ilé lè ṣe. Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì nínú iyanrìn, níwájú okùn, ó ní "Yèyé mi," ó sì dúró de dìde. Àwọn ọmọ yòókù ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ wò ó lójú bí ẹni pé ó fẹ́ bi í bóyá nǹkan rẹ̀ sọnù. Ìgbà tí eruku rọlẹ̀, òun nìkan ló ṣẹ́kù lórí pápá, Yèyé sì di ẹnu mú. Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó pa mí lẹ́rìn-ín ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo tó sunkún.

Láti ọjọ́ yẹn, nǹkan kan yí padà. Tó bá ń kọjá lọ́nà ilé ìwé, àwọn ọmọ á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á ní, "Àwẹ̀ró, ó dàárọ̀ o," wọ́n á sì wólẹ̀ fún un, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwàdà tó dára ni, tí kì í bá ṣe ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n fi ń ṣe. Èyí tó burú jù ni pé kò lè sáré mọ́, kódà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò pè é. Á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, á wá rí bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, ọrùn rẹ̀ á yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kú. Adìẹ kò sá fún un mọ́. Bàámi wò ó, kò bínú, ìyẹn gan-an ló sì dẹ́rù bà wá. Ó ní, "Ẹ̀rọ ìránṣọ kì í sáré, ẹnikẹ́ni kò sì ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Tí ilé ìwé bá ti parí lọ́dún yìí, Àkúrẹ́ ni."

Tíṣà Àjàyí ló wá gun alùpùpù rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà wa lọ́jọ́ Sátidé kan. Òun ló ń kọ́ wọn ní eré ìdárayá nílé ìwé, ọmọ Èmùré ni, ó sì ti lọ kàwé n'Íbàdàn. Nínú ìwé tó kà níbẹ̀, ó ní ẹ̀kọ́ kan wà tó jẹ́ pé ọkàn eléré ìdárayá ni wọ́n ń kọ́, kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Iyán là ń jẹ lọ́wọ́. A ní kó wá bá wa jẹ ẹ́, ó jókòó sórí ẹní, ó sì sọ fún Bàámi pé wọ́n gba olúkúlùkù ilé ìwé láyè láti mú ọmọ kan sí i wá sí Adó, pé Fọlákẹ́ lòun máa mú.

Bàámi ní, "Tíṣà, ẹ kú inú rere. Ṣé ẹ ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni?"

"Mo wà níbẹ̀, Bàbá. Kó tó kúnlẹ̀ ni mo ń wò."

"Ẹsẹ̀ ọmọ yẹn ti bàjẹ́."

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Etí rẹ̀ ló ń sáré padà sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ń lọ síwájú, etí ń lọ sẹ́yìn, ó di ìjà nínú ara kan ṣoṣo. Bí a bá bá etí yẹn sọ̀rọ̀, kò sí ọmọ tí yóò bá a ní gbogbo Èkìtì."

Ìyá mi gbé omi fún un kó fi ṣanwọ́. Ó ní, "Tíṣà, ọmọ tí mo ti ń bá etí rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti bí i, tí kò gbọ́. Tí ẹ bá mọ èdè rẹ̀, ẹ kọ́ mi."

Bàámi rò ó títí iyán fi tán. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kù. Tí wọn kò bá mú un ní Adó, Fọlákẹ́ ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ eré mọ́, ó di Àkúrẹ́. Fọlákẹ́ kúnlẹ̀ ó dúpẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni Tíṣà ṣe di ará ilé wa. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń wá, lẹ́yìn tí oòrùn bá ti yà sẹ́yìn òkè Olóṣùnta, a sì kọ́kọ́ rò pé ọpọlọ rẹ̀ ni kò dá. Kò ní kí Fọlákẹ́ sáré. Ó ní kó jókòó kó máa mí. Ó ní kó fa èémí wọ inú ikùn, kó mú un dúró díẹ̀, kó wá tú u jáde díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ní, "Ìyẹn lẹ lọ kọ́ n'Íbàdàn? A ti ń mí níbí tipẹ́ o." Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó ní kí ìyá mi náà dán an wò. Kò dán an wò lójú Tíṣà. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin kan wá sọ lọ́jọ́ kejì pé ẹ̀wà tí ìyá mi tà fún òun kún fún òkúta, mo rí i tó fa èémí, tó dì í mú, tó tú u jáde, ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ bú obìnrin náà láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ láìfo ibì kan. Èmi náà ń lò ó títí dòní. Oníbàárà tó bá ń fi ọwọ́ ṣẹ́ ẹja mi sí wẹ́wẹ́ pé òun ń wò ó bóyá ó gbẹ, èémí yẹn ni mo kọ́kọ́ máa ń fà, nítorí ẹni tó bá fi ìbínú nájà ti tà á ní ọ̀pọ̀.

Lẹ́yìn èémí, Tíṣà ní kó máa di ojú kó sì máa fi ọkàn sáré. Kó rí ìlà, kó rí iyanrìn, kó gbọ́ ìbọn, kó rí ara rẹ̀ tó ń já okùn ìparí. Gbogbo ìgbà ni kó máa ṣe é. Fọlákẹ́ gbà á tọkàntọkàn jù. Á di ojú sídìí ọbẹ̀, ọbẹ̀ á jóná. Á di ojú sídìí odó, ọmọ odó á dúró lófuurufú, ẹni tí wọ́n jọ ń gún un á fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ọ lórí. Yèyé bi í pé ṣé àdúrà ló ń gbà. Ó ní, "Rárá, Yèyé, mo ti dé Adó." Yèyé ní, "O kú ìrìn. Bọ̀ wálé kí o wá gún iyán." Ṣùgbọ́n mo ń wo ojú ẹ̀gbọ́n mi nígbà tó bá di ojú bẹ́ẹ̀. Tẹ́lẹ̀, tó bá ti dé ibì kan, iwájú orí rẹ̀ á dijọ, mo sì mọ̀ pé ibi tó ti kúnlẹ̀ ló dé. Nígbà tó yá, ibẹ̀ ò dijọ mọ́. Ó ń kọjá.

Èyí tó ṣòro ló kù. Tíṣà ní ọmọ tí kò bá fi ariwo ṣe ìdánrawò, ariwo á pa á lójú pápá. Ó fa ìlà sí ilẹ̀ àgbàlá wa, láti ìdí àmù dé ibi igi ọsàn, ó mú pákó méjì tó máa ń gbá mọ́ra bí ìbọn, ó sì ní kí gbogbo wa kígbe ohun tó bá wù wá bí Fọlákẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Oore ni ìyẹn jẹ́ fún ìyá mi. Gbogbo ohun tó ti ń gbé mì láti ìgbà tó ti wọ ilé náà ló tú jáde. "Ọlọ́bẹ̀ jíjóná! Arìn-bí-ẹni-tí-kò-mọ-ilé! Ta ló jẹ ẹran inú ìkòkò lọ́jọ́ Àìkú?" Èmi náà bú u, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, àǹfààní bẹ́ẹ̀ kì í wá lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn aládùúgbò sáré wọlé pé ẹ̀yin ará ibí, ẹ má pa ara yín. Fọlákẹ́ kò gbọ́ ìkankan nínú wa. Pákó dún, ó lọ.

Tíṣà wá kọjú sí Yèyé. Yèyé ti jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀, kò bá wa kígbe. Láti ọjọ́ ìdíje yẹn, kò fi oríkì pe Fọlákẹ́ mọ́. Tó bá ń pè wá láàárọ̀, tó bá kan Fọlákẹ́, á kàn ní "Ìwọ náà, o ti jí," á sì wo ibòmíràn. Ó dunni ju èébú lọ.

Tíṣà ní, "Màmá, ohùn yín ló kù."

"Oríkì kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń ṣeré, ọmọ mi. Mi ò ní pè é kí n tún máa kọ́ ọ pé kó má jẹ́ mi. Èmi á jókòó sí ulé lọ́jọ́ náà."

"Tí ẹ bá jókòó sílé, á máa fetí wá yín. Ohùn tí kò sí níbẹ̀ ni etí máa ń wá jù. Ẹ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ pè é."

Yèyé wo Bàámi, Bàámi ń wo òrùlé. Yèyé wá pè é, ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń jí aláìsàn. "Àwẹ̀ró." Fọlákẹ́, tó ti bẹ̀rẹ̀ sórí ìlà tí etí rẹ̀ ti di sí gbogbo èébú wa, yí ọrùn. Pákó dún, kò lọ. Wọ́n ṣe é lọ́jọ́ kejì, kò lọ. Wọ́n ṣe é títí ọ̀sẹ̀ fi ń tán, ìyá mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àpò tí wọn yóò fi kó ẹrù lọ sí Àkúrẹ́. Kò sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ó kàn sá a sórí okùn, gbogbo wa ń rí i.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan báyìí, Fọlákẹ́ wà lórí ìlà, Yèyé pè é, ọrùn rẹ̀ yí. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Ó wá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ó ní, "Yèyé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò mí. Ṣebí orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà."

Gbogbo wa wò ó. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ẹni tó bá fẹ́ sá eré kúkúrú, á fi ìka ọwọ́ gbálẹ̀, á sì fi orúnkún kan kanlẹ̀ sórí ìlà títí wọn ó fi ní kó gbára dì. Láti ọjọ́ tó ti ń sáré, ó ti ń kúnlẹ̀ kó tó lọ, ẹnikẹ́ni nínú wa kò fi ojú ìkúnlẹ̀ wò ó. Tíṣà jókòó sílẹ̀ bọ̀ọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ohun tí mo ti ń wá fún ọ nìyẹn. Nǹkan kan tí ọkàn rẹ á dì mú. Kì í ṣe pé kí o má jẹ́ Màmá. O ti jẹ́ wọn kí wọ́n tó pè ọ́."

Ṣùgbọ́n Yèyé kì í ṣe ẹni tó ń gba ọjà láìná. Ó na ọ̀pá rẹ̀, ó fi kan orúnkún Fọlákẹ́. "Ọ̀kan ni mo rí."

"Ọ̀kan ni wọ́n ń fi kanlẹ̀, Yèyé."

"Méjì ni wọ́n ń lò ní ulé yìí. Ẹni tó fi ọ̀kan kí mi, ààbọ̀ ìkíni ló ṣe."

Ìyá mi ní, "Ẹ gba ọ̀kan lọ́wọ́ ọmọ, Yèyé, ẹ jẹ́ kí èkejì máa bọ̀ lẹ́yìn."

"Tíṣà, ṣé òfin yín ò lè gba méjì?"

"Màmá, tó bá fi méjì kanlẹ̀, wọ́n á ti dé òpin kó tó dìde."

Ọjà ni mo ti ń ṣe láti ìgbà yẹn, mi ò tíì gbọ́ ibi tí wọ́n ti ná orúnkún rí àfi níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ná an tán, ibi tó parí sí ni pé láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, kó tó kúrò nílé, Fọlákẹ́ á fi méjèèjì kúnlẹ̀ níwájú àpótí Yèyé. Èyí á dúró de ọ̀kan tó máa ṣe lórí pápá, wọ́n á sì di ìkíni kan ṣoṣo. "Ó dáa," Yèyé ní, "ṣùgbọ́n ta ló máa sọ pé kó dìde?" Ẹnikẹ́ni kò tíì ronú kan ìyẹn. Tíṣà gbé pákó rẹ̀ sókè, ó gbá wọn mọ́ra lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Ìbọn, Màmá. Ẹ̀yin lẹ rán ìbọn náà níṣẹ́. Tó bá ti dún, ẹ̀yin lẹ sọ pé dìde." Yèyé rò ó. Ó ní ìbọn kì í ṣe ìránṣẹ́ burúkú. Ó wá fa èémí bí Tíṣà ṣe kọ́ wọn, ó sì kì í láti òkè dé ilẹ̀, gbogbo ohùn rẹ̀, débi pé àkùkọ kọ ní ìrọ̀lẹ́. Pákó dún. Ẹ̀gbọ́n mi lọ bí ìgbà tí wọ́n tú ìdè ewúrẹ́, ó kọjá igi ọsàn, ó kọjá ògiri, ojú títì ló ti dúró. Adìẹ sá.

Adó lọ́jọ́ náà dà bí ilé tuntun tí wọ́n ń ṣí. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń han gooro, àwọn ọmọ ilé ìwé ńláńlá wọ bàtà tó ní eyín lábẹ́, Fọlákẹ́ wọ kánfáàsì tí Tíṣà yá a. Bàámi ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ó ti wọ aṣọ tó fi ń rìnrìn àjò, mo sì mọ̀ pé tó bá bàjẹ́, láti ibẹ̀ ló máa ti wọ mọ́tò lọ bá ìyá aránṣọ. A jókòó ti òpin gẹ́gẹ́ bíi ti ọjọ́sí, Yèyé lórí àpótí. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ bọ́ sórí ìlà. Yèyé dìde, ó pe Àwẹ̀ró, ó kì í dé ibi òkè tí òjò kò lè wọ́ lọ. Mo rí orúnkún ẹ̀gbọ́n mi tó kanlẹ̀. Kò yí ọrùn. Àwa tó mọ̀ nìkan ló mọ̀ pé ìkíni ni.

Ni ọmọ kan bá fò jáde kí ìbọn tó dún. Wọ́n fọn fèrè, wọ́n ní kí gbogbo wọn dìde, kí wọ́n padà. Ohun tí a kò ná nìyẹn. Wọ́n ti jí i dìde láì jẹ́ pé Yèyé ló ní kó dìde, oríkì sì ti tán lẹ́nu Yèyé. Fọlákẹ́ dúró lẹ́yìn ìlà, ó ń nu ọwọ́ sára aṣọ, ọrùn rẹ̀ wá yí, díẹ̀díẹ̀, sí ọ̀dọ̀ wa. Tíṣà ní "Háà" lábẹ́ ẹnu. Bàámi tú ọwọ́ tó ká mọ́ àyà. Yèyé fa èémí, ó dì í mú. Ó wá na ọwọ́ síwájú, ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ bí ẹni tó ń fi ọmọ sùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ oríkì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, láìkánjú, bí ẹni pé àárọ̀ ni, bí ẹni pé ẹnu ọ̀nà wa la wà. Orúnkún kanlẹ̀. Mo rí èjìká ẹ̀gbọ́n mi tó rọlẹ̀ bó ti tú èémí jáde. Yèyé ṣì ń kì í lọ́wọ́ nígbà tí ìbọn dún.

Ó dìde.

Yèyé kò dákẹ́. Ó pè é bó ti ń bọ̀, ó pè é nígbà tó dé àárín, ó pè é nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ wa, pẹ̀lú gbogbo agbára tó kù nínú ọ̀fun rẹ̀. Fọlákẹ́ gba iwájú wa kọjá bí ẹni tí kò mọ̀ wá rí. Ipò kejì ló ṣe. Ẹni méjì ni wọ́n sì ń mú. Nínú ilé wa, ẹnikẹ́ni kì í pè é ní ipò kejì. Yèyé ní ọmọ tó ṣáájú yẹn, kò sí ẹni tó ń pè é, kí ló fẹ́ gbọ́ tí yóò fi fà sẹ́yìn?

Nígbà tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ tán, ó sáré padà wá bá wa, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ sórí koríko níwájú àpótí. Ó ń retí dìde. Yèyé la ẹnu, ohùn kò jáde, ó ti tán sórí pápá. Ó tún la ẹnu. Ó wá gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó sì gbá wọn mọ́ra lẹ́ẹ̀kan, pàá. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó sì dì mọ́ ọn. Bàámi ní òun máa ránṣẹ́ sí Àkúrẹ́ pé ọmọ náà ò rí àyè mọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé òun ló sá eré náà.

A padà dé Ìkẹ́rẹ́ kí oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ tó délẹ̀. Nígbà tí ohùn Yèyé padà bọ̀ sípò, kò sí ẹni tó gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá tí kò dá dúró. "Ṣé ẹ mọ Fọlákẹ́ mi? Mo pè é l'Ádó. Mo kì í láti orí dé ẹsẹ̀, ojú gbogbo ayé, kò dá mi lóhùn." Àwọn èèyàn á ní háà, ọmọ ayé ìsinsìnyí, ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá. Yèyé á jẹ́ kí wọ́n kẹ́dùn dáadáa, kí wọ́n tiẹ̀ gbọn orí díẹ̀. Á wá gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, á ní, "Kò tiẹ̀ wojú mi," ẹ̀rín á sì gbà á.